Bàbá Èbúté Kò Jẹun Nílé Màámi

Bàbá àgbà mi kú lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí wọ́n mu tíì tán tí wọ́n sì bú ife náà pé ó kéré. Wọ́n ní irú ife wo nìyí, ṣé oògùn ni mo fi ń wọ̀n fún àwọn ni? Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí n bu òmíràn wá. Kí n tó ti ilé ìdáná dé, wọ́n ti lọ. Mo dúró síbẹ̀, tíì ń jó mi lọ́wọ́, ohun tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ẹkún. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ọlọ́run, o ṣeun o, wọ́n ti jẹun."

Kí ẹni tó ń ka èyí má tíì bínú sí mi. Mo mọ̀ pé bí àgbà bá kú, ó yẹ kí ọmọ-ọmọ kọ́kọ́ ké. Èmi náà ké, mo ké dáadáa, títí tí aládùúgbò òkè fi wá kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìtura ló kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè mí ní ìkà.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni bàbá yìí fi dúró lórí ìbúra pé àwọn ò ní jẹun nílé màámi láéláé. Bẹ́ẹ̀ màámi nìkan ni ọmọ tó kù fún wọn láyé. Gbogbo wa la mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bí àgbà bá gbé e wọ sàréè, ta ló máa tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀ láti lọ bẹ̀ ẹ́? Òun ni màámi ń gbé sùn, òun ni wọ́n ń gbé jí.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì ka ẹ̀kẹfà dáadáa. Ọjà ni mo mọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mestre, ní ilẹ̀ Italy, nítòsí òpópónà Via Piave, ibẹ̀ ni mo ti ń ta gààrí, iṣu, ẹja gbígbẹ àti irun tí àwọn obìnrin fi ń dirí. Ẹnu ni mo fi ń tajà. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo nínú ìwé yìí, ẹ fara dà á, ariwo náà ló ń bọ́ mi.

Bàbá Èbúté ni tẹrú-tọmọ ń pe Bàbá. Èbúté kan lẹ́bàá ọ̀sà ni wọ́n ti dàgbà, lápá Ẹ̀pẹ́, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Kò sí ọ̀nà mọ́tò débẹ̀ nígbà náà, omi lọ̀nà. Ọkọ̀ eléèéfín ìjọba ló ń ti Èkó kó lẹ́tà, iyọ̀, kẹrosíìnì àti òyìnbó wá. Àwọn aláàárù á ti tò sí bèbè omi bí èèrà, wọ́n á gbé ẹrù karí, ó di inú oko. Kẹ̀kẹ́ méjì péré ló wà nílùú, ọ̀kan ti akọ̀wé, ọ̀kan ti àlùfáà, àwọn méjèèjì kì í sì í kíra wọn. Tí agogo èbúté bá ti dún, ọkọ̀ ti yọ lókèèrè nìyẹn. Obìnrin á sọ ìkòkò kalẹ̀, tíṣà á tú àwọn ọmọ ká, àwọn tó ń jà á dáwọ́ ìjà dúró, wọ́n á ní ká lọ wo ọkọ̀ ná, a óò padà wá parí rẹ̀. Iṣẹ́ Bàbá ni kí wọ́n ju okùn, kí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ òpó, kí wọ́n sì tún un tú nígbà tó bá ń lọ. Wọ́n ṣe é títí òyìnbó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ, wọ́n sì tún ṣe é títí wọ́n fi la títì, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọkọ̀ omi mọ́.

Ẹni tó ti inú irú ayé bẹ́ẹ̀ wá kò lè wọ bọ́ọ̀sì Mestre bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń wọ̀ ọ́. Dandan ni kí Bàbá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, kí wọ́n ṣí fìlà, kí wọ́n sì kí awakọ̀: "Buongiorno, capitano." Gbogbo awakọ̀ ni kapítánì lójú wọn. Wọn kì í jókòó àyàfi tí awakọ̀ bá dáhùn. Nínú tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, níbi tí awakọ̀ ti wà lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀pá ni wọ́n fi ń kan gíláàsì náà. Fèyí, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á bo ojú.

"Nonno, basta, ti prego!"

"Kí ló ní?" Bàbá á bi mí.

"Ó ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Ojú ń tì í."

Lọ́jọ́ kan, Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí gbogbo èrò inú tram, gbogbo wọn tẹrí ba sórí fóònù, wọ́n sì sọ fún Fèyí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹni tí ẹ̀mí ẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, o ò kí i. Fóònù lò ń kí."

Ẹ wá gbọ́ ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn jù, tí mo ti gbọ́ tó ìgbà tí irun ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi ọ̀sà á fà, ọkọ̀ ìjọba ò ní lè dé ìdí òpó. Òyìnbó tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí bàtà funfun òun kan omi. Ẹ̀yìn Bàbá ló máa ń gùn wá sórí ilẹ̀. Bàbá ti di gìrìpá ọkùnrin nígbà náà, ọrùn wọn dà bí ọmọ odó. Lọ́jọ́ kan, òyìnbó yìí rò pé wọ́n ń falẹ̀, ó bá fi gìgísẹ̀ gbá wọn níhà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń lé ẹṣin.

Bàbá dúró.

Omi dé itan wọn, oòrùn wà lókè, òyìnbó wà lẹ́yìn. Òyìnbó pariwo. Ògbufọ̀ pariwo láti bèbè. Àwọn aláàárù sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n lè rí àyè rẹ́rìn-ín. Bàbá ò sọ̀rọ̀, wọn ò mì, wọn ò sì jẹ́ kó ṣubú. Nígbà tó yá, ọkùnrin tó ti lo ọdún mẹ́rin láàárín wa tí kò gbọ́ gbólóhùn kan nínú èdè wa bá tẹ ẹnu mọ́ Bàbá létí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ tó ṣí.

Tí a bá bi Bàbá pé ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni, ìdáhùn kan náà ni: "N kò jù ú sómi o. Mo kàn dúró ni."

Gbogbo ìwà Bàbá wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí inú bá bí wọn, wọn kì í lọgun, wọn kì í ṣépè. Wọ́n á kàn dúró. Tòyìnbó ò pé wákàtí kan. Ti màámi ló gba ọdún mọ́kànlá.

Ohun tó sì dá a sílẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìyá àgbà mi kú nílé, Padova ni màámi wà, wọ́n ń tọ́jú ìyá arúgbó ará Italy kan tó máa ń fi ọ̀pá gbá wọn tó bá ti gbàgbé orúkọ wọn. Permesso màámi, ìwé ìgbélùú wọn, ti parí, wọ́n ti fi òmíràn sílẹ̀, ricevuta nìkan ló wà lọ́wọ́, ìwé pélébé tí posta, ilé ìfìwéránṣẹ́, fún wọn pé kí wọ́n máa fi dúró ná. Wọ́n ti di ẹrù. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Sísítà, ricevuta ò ṣe é rìn o! Ó lè bá ẹ jáde, kò lè bá ẹ wọlé. Àbúrò ọkọ mi, pápákọ̀ Malpensa ni wọ́n ti dá a padà." Màámi kò béèrè ní patronato, níbi tí wọ́n ti ń báni ṣètò ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ lọ́yà. Bí àwa ṣe ń ṣe nìyẹn ní ìlú yìí: ọ́fíìsì á sọ̀rọ̀, a ò ní gbà á gbọ́, ẹni tó ń ta súyà á sọ̀rọ̀, a ó fi búra. Màámi tú ẹrù wọn. Wọ́n sin ìyá wọn lójú fóònù.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni obìnrin kan ní patronato gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà, tó ní màmá, ẹ ì bá lọ, ẹ ì bá sì padà, ricevuta yẹn tó fún un. Màámi ní ilẹ̀ ò là ni àwọn ò wọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú gan-an ni Bàbá gba fóònù, lójú gbogbo ẹbí, tí wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ìwé wo ló ju ìyá lọ? Ó dáa. Mo gbọ́. N kò ní jẹun nílé rẹ láéláé." Wọ́n sì rọra gbé fóònù náà fún ẹlòmíràn, bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí. Ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kò sẹ́ni tó máa gbọ́njẹ fún wọn nílé, màámi sì fi ọdún méjì rìn láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn láti mú wọn wá. Ìwé tí wọ́n bú ló gbé wọn wọ Italy. Nígbà tí wọ́n yọ ní pápákọ̀ òfuurufú Venezia lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, màámi kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn èrò ń rìn yí wọn ká. Bàbá gbé ọwọ́ lé wọn lórí, wọ́n wúre fún wọn, wọ́n bi wọ́n pé orúnkún ńkọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Oúnjẹ nìkan ló kù.

Màámi ti ń se oúnjẹ láti ìdájí. Bàbá jókòó sídìí tábìlì wọn ní àjà kẹta, wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n wo ìkọ́kọrẹ́, ẹja ń yọjú níbẹ̀ bí ẹni ń kíni. Wọ́n ní, "Ó dára lójú. Olúwa á bù sí i. N kò ní jẹ ẹ́." Màámi bọ́ sí bàlùwẹ̀, wọ́n ṣí omi kí a má bàa gbọ́ ẹkún. Omi yẹn pẹ́.

Bí Bàbá ṣe di tèmi nìyẹn, torí àjà kìíní nínú ilé kan náà ni mò ń gbé.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọbẹ̀ mi ò dára. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ni mò ń ṣe. Fèyí, ọmọ tí mo bí, mensa, oúnjẹ tí wọ́n ń bù fún wọn nílé ìwé, ló wù ú ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo òbí ló ń kọ lẹ́tà bú mensa yẹn. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá fi jẹ ẹ̀bà oníkókó lọ́wọ́ mi, wọn ò ráhùn rí. Tó bá di Sátidé, tí màámi bá ń se ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ á máa gba àtẹ̀gùn bọ̀ wálẹ̀ bí àlejò tó mọ̀nà. Bàbá á fa àga wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí n ṣí i gbayawu, wọ́n á gbé abọ́ mi lé itan, wọ́n á kọjú sí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa jẹ ẹ̀bà mi pẹ̀lú òórùn màámi.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ti máa jẹ ẹ́ báyìí?"

Wọ́n ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òórùn kì í ṣe oúnjẹ."

A gbìyànjú, ẹ má rò pé a ò gbìyànjú. A pe pásítọ̀ wá. Bàbá tẹ́tí sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ní kí n bu oúnjẹ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Pásítọ̀ gé òkèlè kan, ó rántí pé òun ń gbààwẹ̀. Nígbà tó yá, èmi àti màámi di olè: màámi se ọbẹ̀ lókè, a dà á sínú ìkòkò mi tó ti fọ́ létí, mo gbé e síwájú Bàbá. Wọ́n gé òkèlè, wọ́n gbé e dé ìsàlẹ̀ imú, wọ́n sì dá a padà sínú abọ́.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Bàbá."

"Ìgbà wo lo kọ́ ọbẹ̀ sísè? Láàárín àná àti òní?"

"Inú fóònù ni mo ti wò ó, Bàbá."

"Fóònù náà ṣeun. Gbé e padà sókè fún ẹni tó ni ín, kó má bàa tutù."

Nígbà tí mo jáde, màámi wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ti fi ìborùn dí ẹnu. Wọ́n ní, "Báyìí ni Bàbá máa ṣe lọ, àbí? Báyìí náà ni wọ́n máa fi mí sílẹ̀?" Èmi tí mo máa ń fèsì fún oníbàárà kó tó béèrè, ìkòkò ọbẹ̀ ni mo gbé lé wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn Kérésì tó kọjá, dókítà ọkàn gbọ́ àyà Bàbá fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní ó ti rẹ ọkàn náà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó ṣe wà. Wọ́n ní, "Ó yẹ kó rẹ̀ ẹ́, ó ti ṣiṣẹ́." Dókítà mú màámi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní oṣù la ó máa kà, kì í ṣe ọdún. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ ò mọ́ rí kí màámi má bi mí pé, "Ṣé wọ́n jí?" Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí gan-an.

Nígbà tí òtútù dínkù, Bàbá fúnra wọn ní kí a mú àwọn lọ wo ọkọ̀ omi ní Venezia. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn mọ omi, ojú omi ò yàtọ̀. Lọ́jọ́ náà, màámi tẹ̀ lé wa, wọ́n gbé báàgì ìgbóúnjẹ kọ́ apá. Kí Bàbá tó wo báàgì náà ni màámi ti ń sọ pé, "N kò pè yín sí i o, Bàbá. Tèmi àti ti Fèyí ni."

A wọ linea uno ní Piazzale Roma, ọkọ̀ tó máa ń yà síbi gbogbo bí ìyá ọlọ́mọ. Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí okùn, ó dirun sẹ́yìn, ó wọ ìbọ̀wọ́. Bàbá sún mọ́ ọn débi tí ojú wọn lè dé. Ọmọbìnrin náà tú okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ká a, ọkọ̀ ṣí. Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n." Wọ́n wá jókòó, wọ́n na ọwọ́ sí màámi.

"Àjọkẹ́, wọ́n ti tú okùn. Kí lò ń wò? Gbé abọ́ wá."

Màámi ní, "Abọ́ wo, Bàbá?"

"Èyí tó ń ta sánsán láti Mestre."

Bàbá ló wá ṣàlàyé, bí ẹni ń ṣàlàyé ohun tó yẹ ká ti mọ̀. Wọ́n ní ìlú méjì tó kọjú síra ní ọ̀sà àwọn ti bára wọn jà lórí ibi ìpẹja, wọ́n sì ti búra pé àwọn ò ní jẹ oúnjẹ ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà, ìrìn náà sì ń gba ìdajì ọjọ́. Ebi ò mọ ìbúra. Ọ̀gá ọkọ̀ wá ṣòfin: tí okùn bá ti tú, gbogbo oúnjẹ inú ọkọ̀ á bọ́ sáàárín, kò ní olúwa mọ́, àfi tí wọ́n bá tún so okùn. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì fọwọ́ sí i. Bàbá ní, "Èmi ló ń tú u. Èmi ni mo máa ń pariwo pé ó yá, ẹ jẹun."

Màámi fi ìkánjú bu ìkọ́kọrẹ́ sínú ìdérí, débi tí ẹja fi já bọ́. Bàbá gbé ṣíbí, wọ́n jẹ. Wọ́n jẹ ẹ̀ẹ̀kejì. Wọ́n gbé ẹ̀ẹ̀kẹta dé ẹnu, ọkọ̀ dé ibùdókọ̀, ọmọbìnrin náà ju okùn, ó so ó, Bàbá sì dúró pẹ̀lú ṣíbí lókè. Màámi wo ìdérí, wọ́n wo Bàbá.

"Ṣé iyọ̀ pọ̀ ni, Bàbá?"

"Wọ́n ti so ó."

Okùn tú, ṣíbí wọlé. Okùn so, ṣíbí dúró. Ọkọ̀ yẹn ń dúró ní bí ogún ibùdókọ̀! Ìyá arúgbó ará Venezia kan tó jókòó níwájú wa ò lè pa á mọ́ra mọ́, ó bi mí bóyá oúnjẹ náà ò dùn mọ́ bàbá lẹ́nu ni. Mo ní ó dùn mọ́ wọn, màmá, àmọ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ nìkan. Ó ronú sí i, ó ní ọkọ òun náà nìyẹn.

Láàárín ìdúró kan sí èkejì ni màámi fi àárẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní, "Bàbá, mo ṣì í. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni mo gbọ́. Ǹ bá wá."

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́." Bàbá nu ẹnu. "Lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ, èrò pọ̀, àmọ́ èmi nìkan ni mo dá dúró níbi ibojì. Mo ń wá ẹni tí mo máa bínú sí, ìwọ ni mo rí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò ti jẹun láti ọjọ́ yìí?"

Bàbá tẹrí ba bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá lábẹ́ afárá kan. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá dúró pẹ́, ẹsẹ̀ á kú. Kò ní mọ bó ṣe máa gbé e."

Láti ọjọ́ náà, màámi tí omi ń bà lẹ́rù lọ gba abbonamento, káàdì oṣooṣù, bí ẹni ń ṣiṣẹ́ ní Venezia. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí pásítọ̀ tó ṣe àmín ìkẹyìn, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ mọ̀ wá. Ọmọbìnrin olókùn yẹn á tú u tán, á kígbe pé, "Nonno, mangia!" Bàbá á jẹun gẹ́gẹ́ bó ṣe wí.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ inú ọkọ̀ kì í ṣe oúnjẹ inú ilé. Bàbá mọ̀, màámi mọ̀. Lórí ilẹ̀, ìbúra ṣì wà níbi tó wà. Ara Bàbá sì ń lọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan báyìí, a dé Piazzale Roma, gbogbo ọkọ̀ so mọ́lẹ̀. Sciopero. Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, owó oṣù ni wọ́n ń bá wọn fà. Bàbá ní ó dára, ó yẹ kí àwọn náà ti ṣe é nígbà ayé òyìnbó. A jókòó. Màámi gbé báàgì lé itan, wọ́n ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń rẹ ọmọ. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò padà wá."

Bàbá ní, "Ṣé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti sọ fún ọ pé òun ń dúró dè mí ni?"

Wọ́n fi ọ̀pá ti ilẹ̀, wọ́n dìde.

"Àtẹ̀gùn mélòó ló wà títí dé ilé rẹ?"

Màámi rò pé ọpọlọ Bàbá ti ń dàrú. Màámi fúnra wọn, tí wọ́n ti ń gùn ún láti ọdún yìí wá, wọn ò mọ iye rẹ̀. Fèyí ló mọ̀ ọ́n, ó ní, "Cinquantaquattro, nonno."

"Mélòó nìyẹn?"

Mo ní, "Mẹ́rìnléláàádọ́ta, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ gùn ún."

Bọ́ọ̀sì pàápàá ti dara pọ̀ mọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà lẹ́yìn tí a dé, taksí ni mo pè. Màámi di Bàbá mú lápá ọ̀tún, Fèyí di ọ̀pá mú, èmi gbé àga tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bí ẹrú ajẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la jókòó sinmi. Ní àjà kejì, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé oúnjẹ wálẹ̀ wá bá wọn. Bàbá wò mí bí ẹni wo kọ́bọ̀ tó ti parẹ́. Nígbà tí a dé òkè, ètè wọn ti funfun, ẹ̀rù bà mí, mo ń wá nọ́ńbà ambulanza. Bàbá jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti jókòó sí lọ́jọ́ kìíní. Màámi bu oúnjẹ. Kò sí okùn tí wọ́n ń so, kò sí èyí tí wọ́n ń tú. Bàbá jẹ, wọ́n jẹ, wọ́n fi ìka nu etí abọ́, wọ́n sì na abọ́ náà sí màámi, tí wọ́n dúró síbẹ̀ tí wọn ò lè mira.

Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, bu òmíràn."

Ọjọ́ mẹ́jọ ló tẹ̀ lé e. Àwọn ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, màámi ń gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, Bàbá ń jẹ ẹ́ gbangba, wọn ò sì wo abọ́ tèmi mọ́ rárá. Ìgbà náà ni mo wá mọ ohun tí ẹ̀bà mi ti ṣe sí wọn lára. Lẹ́yìn náà ni tíì yẹn, àti ife kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tó ń ṣètò ìsìnkú wá sílé wa pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà mi la ń gbé Bàbá lọ, màámi ló ń bá wọn wọkọ̀ òfuurufú, carta di soggiorno wọn, ìwé ìgbélùú tuntun, wà nínú báàgì, wọ́n sì ti lọ béèrè ní patronato lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ṣe é rìn. Ọkùnrin náà rọra ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n ń lọ, ohun tó pa wọ́n. Èmi ni mò ń dáhùn. Màámi ò sọ nǹkan kan láti àárọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe ṣàdédé fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Ha mangiato a casa mia."

Ọkùnrin náà gbé bírò dúró. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó má dá wọn lóhùn, pé màámi kàn ń sọ pé Bàbá jẹun nílé àwọn ni. Ṣùgbọ́n màámi tún un sọ, wọ́n fi ìka kan àyà, wọ́n fi kan tábìlì: Bàbá mi, nílé mi, níbí, ó jẹun.

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó ti fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "E che cosa ha mangiato, signora?" Kí ni wọ́n jẹ, màmá?

Màámi fa àga, wọ́n jókòó tì í, wọ́n nu ojú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé ìkọ́kọrẹ́ fún un láti orí bí a ṣe ń rin ewùrà.